“Childrens”: Àṣìṣe Tí Àwọn Gẹ̀ẹ́sì Ti Ṣe Ṣáájú Wa

Ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni wá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀jìgbò, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹnikẹ́ni tó bá kàwé ní agbègbè wa mọ bí lẹ́tà kan ṣoṣo ṣe lè fa ẹgba sí èèyàn lára. Lẹ́tà náà ni “s”. Ní ilé ìwé kan tí a kò ní dárúkọ, ọ̀rẹ́ wa kan kọ “childrens” sínú àròkọ. Tíṣà kà á sókè, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, “Childrens” sì di orúkọ ọmọ náà títí a fi ṣe WAEC tán. Láti ọjọ́ yẹn, kò kọ àròkọ gígùn mọ́. Ìlà mẹ́ta, ó ti parí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú wa. Nígbà tí a dàgbà tí a wá ka ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ohun tí a rí níbẹ̀ yà wá lẹ́nu: àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ti ṣe irú ohun tí ọ̀rẹ́ wa ṣe, ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó nà wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá kì í yí padà nítorí iye. Ilé kan, ilé mẹ́wàá. Ilé náà ni. Òwe wa sọ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ẹ wò ó, ogún ni wọ́n, síbẹ̀ “ọmọdé” kò yí padà, “ọdún” náà kò yí padà. Iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tán. Tí kò bá sí iye, a lè fi “àwọn” síwájú, tàbí kí a fi “wọ̀nyí” kẹ́yìn, tàbí kí a sọ ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe ní ẹ̀ẹ̀mejì: ilé ńlá ńlá. Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í tilẹ̀ sọ nǹkan kan. “Mo ra iṣu lọ́jà”: ọ̀kan ni o, ogójì ni o, ẹni tó rù ú ló mọ̀.

Èyí tó wá ń da tíṣà láàmú jù ni pé a máa ń fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún èèyàn. “Àwọn bàbá mi ti dé, wọ́n ń jẹun.” Bàbá kan ni o! Ọmọ tó bá kọ “My father are eating” mọ̀ pé bàbá òun kò pé méjì. Ẹ̀kọ́ ilé ló kó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì.

Ó dáa, Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a fi “s” sí i, àfi àwọn ọ̀rọ̀ olóríkunkun bíi “men”, “feet” àti “oxen”, tí a ní láti kọ́ sórí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ó ti pẹ́ tí àwọn olóríkunkun yìí ti wà nínú ilé. Kí àwọn ará Normandy tó gba England ní 1066, oríṣiríṣi ọ̀nà ni èdè náà ní. Àwọn kan ń gba “-as”: òkúta kan, “stān”, òkúta púpọ̀, “stānas”. Àwọn kan ń gba “-an”: “nama” ni orúkọ, “naman” ni orúkọ púpọ̀. Àwọn kan ń yí fáwẹ̀lì inú wọn padà: ẹsẹ̀, “fōt”, di “fēt”, ìwé, “bōc”, di “bēc”. Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni pé àwọn kan kì í yí padà rárá. Ilé kan, “hūs”. Ilé mẹ́wàá, “hūs”. Bíi tiwa gẹ́lẹ́! “Sheep” jẹ́ ọ̀kan lára irú wọn tó ṣẹ́ kù títí dòní.

Nígbà tó yá, ìró ìparí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. “-a”, “-u” àti “-e” di nǹkan kan náà, wọn kò ṣeé fi mọ ẹyọ yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ mọ́. “-s” àti “-en” ni etí ṣì ń gbọ́ dáadáa. Àwọn ará àríwá tètè gba “-s”. Àwọn ará gúúsù di “-en” mú fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń sọ “eyen” fún ojú, “shoon” fún bàtà. Inú ìjàkadì yìí ni “children” ti jáde. Ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń pe ọmọ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ ni “cildru”, èyí tó wá di “childre”. Ọ̀pọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí kò gbọ́ ọ mọ́, ni wọ́n bá tún lẹ “-en” mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ lórí ọ̀pọ̀! Ohun tí ọ̀rẹ́ wa ṣe kò ju pé ó fi ẹ̀kẹta lé e.

William Caxton, ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé England ní 1476, sọ ìtàn kan nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé tó tẹ̀ ní 1490. Àwọn oníṣòwò kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames, wọ́n ń lọ sí Zeeland. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ni wọ́n bá dúró ní etíkun Kent. Ọ̀kan nínú wọn wọ ilé kan, ó bèèrè ẹyin: “egges”. Ìyá ilé ní òun ò gbọ́ Faransé. Inú bí oníṣòwò, torí òun náà ò gbọ́ Faransé! Àfi ìgbà tí ẹlòmíràn sọ pé “eyren” ló ń bèèrè ni ó tó yé ìyá. Gẹ̀ẹ́sì sí Gẹ̀ẹ́sì ni o, lórí ẹyin lásán. Ọ̀kan fi “-s” parí, ìkejì fi “-en” parí, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ náà sì yàtọ̀, torí ọ̀dọ̀ àwọn Viking ni “egg” ti wá.

Ká ní ará Ẹ̀jìgbò ni ìyá náà ni, bóyá ì bá ti dá a lóhùn ní Faransé. A ò ṣàwàdà. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Àbíjàn, ní Côte d'Ivoire. Ẹ máa gbọ́ Faransé nígboro Ẹ̀jìgbò bí ẹni pé ẹnubodè wà lẹ́yìn ilé. Faransé máa ń kọ “s” sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í pè é. “La maison” ni ilé kan, “les maisons” ni ilé púpọ̀. “Maison” kan náà ni etí ń gbọ́. “Les” tó wà níwájú ló sọ pé wọ́n pọ̀. Ṣé kì í ṣe “àwọn” nìyẹn? Ọmọ tó ti Àbíjàn dé sọ Yorùbá, ó sọ Faransé, méjèèjì kọ́ ọ pé iwájú ọ̀rọ̀ ni kó máa wò. Gẹ̀ẹ́sì wá ní kó wo ìdí.

Ẹ tún wo “informations”, tí tíṣà máa ń fi bírò pupa fà láti òkè délẹ̀. Faransé ń sọ “les informations”, ó ń sọ “les bagages”, ayé ò sì bàjẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ní àga ṣeé kà, tábìlì ṣeé kà, ṣùgbọ́n tí a bá ti kó wọn jọ, wọ́n ti di “furniture” tí kò ṣeé kà, bí omi. Àwa ò rí ọgbọ́n kankan nínú ìyẹn, jàre.

Àwọn náà ti ṣi “s” gbọ́ rí. “Pease” ni wọ́n ń pe irú ẹ̀wà kan, ẹyọ sì ni. Etí gbọ́ ìró tó wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n rò pé ọ̀pọ̀ ni, wọ́n gé e kúrò, “pea” sì wọ ayé. Àwa ò gé tiwa. A gba “jeans” pẹ̀lú “s” rẹ̀, a sọ ọ́ di jíǹsì, a sì ń ra jíǹsì kan, jíǹsì méjì.

A ò ní kí ẹ lọ kọ “childrens” nínú WAEC o. Wọ́n á gbà máàkì yín. A kàn fi ìtàn “cildru” yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìlà kan péré ló fi dáhùn: “Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí tíṣà.”