Ìtàn Ẹ̀rọ Ayára-bí-àṣá àti Fóònù, àti Ohun tí Ó Kan Ìlú Wa Nínú Rẹ̀

Ohun àtijọ́ ni a máa ń kọ ìtàn rẹ̀ sí ojú ewé yìí ní ọdọọdún. Ní ọdún yìí, ìtàn ohun tí kò tíì pẹ́ ni a fẹ́ sọ, nítorí pé ohun náà ti wọ inú ilé gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni ó mọ ibi tí ó ti wá. Ohun náà ni ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, tí a ń pè ní kọ̀ǹpútà, àti àbúrò rẹ̀, fóònù alágbèéká.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ wá lógún. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ wa ti ìgbà àtijọ́, inú àpótí ni wọ́n wà, ikán sì ti jẹ díẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí a ra kọ̀ǹpútà fún akọ̀wé ẹgbẹ́, inú wa dùn. A ní ikán kò lè jẹ èyí. Lóòótọ́ ni ikán kò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò mìíràn tí a kò lè fi ojú rí wọ inú rẹ̀, orúkọ àwọn tí ó san owó ìdàgbàsókè ìlú fún ọdún mẹ́ta sì parẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó mọ iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ètò tí ń darí ẹ̀rọ náà ti gbó, ó sì pẹ́ tí a ti fi àtúnṣe sí i kẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí wádìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá ní. Àwọn ìjọba, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ó ní in, òun nìkan a sì gba odindi yàrá. Ní ọdún 1975 ni ẹ̀rọ kékeré kan tí ń jẹ́ Altair 8800 di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Amẹ́ríkà, èyí tí ènìyàn lè rà kí ó sì tò pọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni Bill Gates àti Paul Allen dá Microsoft sílẹ̀; ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Steve Jobs, Steve Wozniak àti Ronald Wayne dá Apple sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde, owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 1,565.

Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ wà. IBM ṣe ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò ṣe ètò tí yóò máa darí rẹ̀. Ọwọ́ Microsoft ni ó ti gbà á. Microsoft pàápàá, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Seattle ni ó ti rà á, tí ó sì tún un ṣe. Ẹ̀rọ tí kò ní ètò dàbí ọjà tí kò ní ìyálọ́jà: ìsọ̀ wà, ẹrù wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ ibi tí olúkúlùkù yóò jókòó sí. Nítorí pé Microsoft di ẹ̀tọ́ mú láti ta ètò náà, MS-DOS, fún àwọn ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń ṣe irú ẹ̀rọ IBM yà á lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1984, Macintosh ti Apple mú kí àwòrán rọ́pò àṣẹ tí a ń tẹ̀. Microsoft mú Windows àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1985. Ṣùgbọ́n Windows 95, tí ó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1995, ni ó gba ayé kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Windows XP dé ní 2001, Windows 7 ní 2009, Windows 10 ní 2015, àti Windows 11 ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Finland kan, Linus Torvalds, ti bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, ètò tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan owó.

Nílé wa, fóònù ni ó ṣáájú kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn àgbà kò ní gbàgbé ìgbà tí bí 400,000 ìlà tẹlifóònù péré wà fún gbogbo Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní ọdún 2001 ni ìjọba gbé ìwé àṣẹ GSM sí ọjà gbàǹjo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù dọ́là 285. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà, títí Glo fi dé ní 2003 tí ó ń gba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. iPhone jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2007. Fóònù àkọ́kọ́ tí ó lo Android ti Google sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2008. Láti ìgbà náà ni fóònù ti di kọ̀ǹpútà inú àpò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè wa pẹ̀lú. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, àmì ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bí a bá tẹ ìwé tán, a óò tún mú kálámù láti fi àmì sí i. Ètò àjùmọ̀lò tí ń jẹ́ Unicode, tí ìdì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó wá ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní, a ní láti gbé àmì náà lé e lórí. Ètò tí ó ti gbó kì í mọ̀ ọ́n gbé: a sọ lẹ́tà di àpótí òfìfo. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá dá Alt-i sílẹ̀ nítorí irú iṣẹ́ yìí. Windows 7 ní ojú ìlò tí a túmọ̀ sí Yorùbá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, Google Translate gba Yorùbá wọlé. Ẹni tí ń lo ètò ògbólógbòó kò lè jẹ nínú oúnjẹ wọ̀nyí.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ihò inú ètò ni ẹnu ògiri, àtúnṣe ni amọ̀ tí a fi ń dí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ láti dí ihò kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á. Ní oṣù karùn-ún, kòkòrò WannaCry gba ihò náà wọ kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 150 lọ. Àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti dá aláìsàn padà sílé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10, àfi fún àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àyè títí di oṣù kẹwàá ọdún 2026. Windows 11 ń béèrè àgádágodo inú ẹ̀rọ tí ń jẹ́ TPM 2.0, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ṣe ṣáájú 2018 kò sì yẹ fún un. Ẹ̀yin ará, tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí à ń rà nílé! Ohun tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ lókè òkun lè di ẹrù wa. Ti fóònù dára díẹ̀: Google ṣe ìlérí ọdún méje àtúnṣe fún Pixel 8 ní 2023, Samsung sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní 2024, ṣùgbọ́n àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kì í rí tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, a dá ìmọ̀ràn mẹ́ta. Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, kí ẹ tó fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ wádìí bóyá ó lè gba Windows 11. Bí kò bá lè gbà á, ẹ jẹ́ kí a fi Linux sí i. Èkejì, ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ṣe kọ àtúnṣe sílẹ̀ nítorí owó dátà. Owó tí olè yóò kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, kí àkọsílẹ̀ ìlú má ṣe wà ní ojú kan: ọ̀kan nínú ẹ̀rọ, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀ka òkè òkun, ọ̀kan lórí bébà.

Bí àwọn baba wa ti ń tún odi ìlú rẹ́ lẹ́yìn òjò, bẹ́ẹ̀ ni tiwa yóò máa rí. Odi wọn kò parí ní ọjọ́ kan, tiwa kò sì ní parí. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí ìtàn ìlú wa parẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ.