Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba Gúúsù Áfíríkà kò lè lé àjèjì tó bá ń san owó orí?

Àhesọ: Bí àjèjì bá ti gba nọ́ńbà owó orí lọ́wọ́ SARS, tó sì ń san owó rẹ̀ déédéé, ó ti di olùgbé Gúúsù Áfíríkà, kò sì nílò físà mọ́.

Èsì: Irọ́ ni.

Tí ẹ bá ń gbé Johannesburg, ẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín láti bá yín "ṣe ìwé." Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin sọ.

Ìṣàyẹ̀wò

Iléeṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. SARS ló ń gba owó orí. Home Affairs ló ń fúnni ní físà àti ìwé ìgbélùú, lábẹ́ òfin Immigration Act ọdún 2002. Ìkan kì í ṣe iṣẹ́ ìkejì.

Òótọ́ ni pé SARS lè pè yín ní olùgbé. Bí Gúúsù Áfíríkà kì í tilẹ̀ ṣe ibùgbé yín gan-an, ẹ lè di olùgbé lójú SARS tí ẹ bá lò ju ọjọ́ 91 lọ níbẹ̀ nínú ọdún owó orí kan, tí ẹ lò ju 91 lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ọdún 5 tó ṣáájú rẹ̀, tí àpapọ̀ ọjọ́ ọdún 5 náà sì ju 915 lọ. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta dé òpin oṣù Kejì ni wọ́n ń ka ọdún owó orí. Nígbà náà, SARS lè béèrè nípa owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san fún yín ní Ìbàdàn pàápàá. Àdéhùn kan wà láàárín Nàìjíríà àti Gúúsù Áfíríkà láti ọdún 2008, kí wọ́n má baà gba owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà.

Ṣùgbọ́n owó yín ni SARS ń wò, kì í ṣe físà. Ní ọdún 2007, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Gíga dájọ́ nínú ẹjọ́ MP Finance Group pé owó tí ètò sogúndogójì kó jọ gan-an gbọ́dọ̀ san owó orí. Ìyẹn kò sọ sogúndogójì di òwò tó bófin mu.

Bí físà yín bá ti parí, tí ẹ sì ń lọ sílé, Home Affairs lè ní kí ẹ má padà wá fún oṣù 12, bí ọjọ́ tí ẹ fi kọjá kò bá ju 30 lọ. Bó bá ju 30 lọ, ọdún 5 ni. Rìsíìtì SARS kò yí èyí padà. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 péré ni ẹ ní láti kọ̀wé bẹ̀bẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ béèrè fún ìsọdọ̀tun físà yín, ó kéré tán, ọjọ́ 60 kó tó parí. VFS kàn ń gba ìwé ni. Home Affairs ló ń pinnu. Ẹni tó ti ní físà iṣẹ́ fún ọdún 5, tí wọ́n sì fún ní iṣẹ́ tí kò ní gbèdéke, lè béèrè fún ìwé ìgbélùú títí láé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti fẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà fún ọdún 5.

Àbọ̀ ìwádìí

Ẹ san owó orí yín, torí òfin ni. Àmọ́ nọ́ńbà SARS kì í ṣe ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá ní òun máa fi ṣe é fún yín, ẹ má ṣe fún un lówó.