Ìka Kò Dọ́gba: Lórí Ọwọ́ Tó Ń Kú Lóru

Ìka kò dọ́gba. Ẹni tó bá na ọwọ́ rẹ̀ síwájú yóò rí i fúnra rẹ̀: ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Níbi tí a ti ń pín nǹkan, tàbí tí ọmọ ìyá méjì ti ń bínú síra wọn nítorí pé ọ̀kan lówó ju èkejì lọ, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ òwe yìí jù. Èmi fẹ́ mú un lọ síbi tí wọn kì í sábà mú un dé, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń kú lóru. Bí ìka kò ṣe dọ́gba ní gígùn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dọ́gba nínú àìsàn yìí, àìdọ́gba yẹn gan-an sì la fi ń dá a mọ̀.

Bí ẹ bá dé àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà lọ sí Ìjàyè, láti Lálúpọn dé Ẹjíòkú, ní Ẹ̀rúnmu, ní Akànrán, ẹ óò bá àwọn obìnrin tó ń sọ ohun kan náà. Wọ́n á ní àwọn sùn, nígbà tó di ààjìn ọwọ́ kú, ó ń ta àwọn, bíi pé èèrà ń rìn nínú ìka. Wọ́n á dìde jókòó, wọ́n á gbọn ọwọ́ náà títí yóò fi sọ jí, wọ́n á tún dùbúlẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, abẹ́rẹ́ ìránṣọ kò ṣeé dì mú, bọ́tìnnì aṣọ ọmọ iléèwé di iṣẹ́ ńlá. Làkúrègbé ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Àwọn mìíràn ní ẹ̀jẹ̀ ni kò ṣàn débẹ̀.

Kì í ṣe làkúrègbé. Làkúrègbé a máa mú oríkèé. Oríkèé á wú, á le, á máa ro ènìyàn. Nínú èyí tí mò ń wí, kò sí ohun tó ń ṣe oríkèé ìka. Ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ náà sì ń ṣàn. Iṣan kan ló há sí ọrùn ọwọ́.

Mo bá ìyá kan tó ń yan gàrí sọ ọ́ lábúlé kan lọ́nà Ẹ̀rúnmu. Mo ní, "Ìyá, ìka wo ló ń kú?" Wọ́n ní, "Gbogbo ọwọ́ ni, ọmọ mi." Mo bẹ̀ wọ́n pé bó bá tún kú lóru, kí wọ́n má tíì gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ kejì tẹ ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín. Nígbà tí a tún ríra, ẹ̀rín ni wọ́n fi kí mi: "Ọmọńdinrín ò bá wọn kú o!"

Kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn. Iṣan méjì ló pín ìmọ̀lára iwájú ọwọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Èyí tí àwọn dókítà ń pè ní median ló ni àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá, ìka àárín, àti ìdajì ìka òrùka tó kọjú sí ìka àárín. Èyí tí wọ́n ń pè ní ulnar ló ni ìdajì kejì àti ọmọńdinrín. Ìka òrùka nìkan ló ní ọ̀gá méjì, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ lè rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kú, ẹ̀gbẹ́ kejì wà láàyè. Mi ò mọ ẹ̀rí tó dára ju ìyẹn lọ. Iṣan median gba inú ọ̀nà tóóró kan kọjá ní ọrùn ọwọ́. Egungun kéékèèké mẹ́jọ ló wà lábẹ́ ọ̀nà náà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awọ líle kan sì gbá a mọ́ lókè bí ọ̀já ṣe ń gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Fọ́nrán mẹ́sàn-án tí ń fa ìka ló ń bá iṣan náà gba ibẹ̀. Bí fọ́nrán bá wú, tàbí tí omi bá kún ara bíi ti aboyún, egungun kò ní yẹ̀, awọ yẹn kò ní tú; iṣan ni yóò jìyà. Ulnar kò gba inú ọ̀nà yìí, ìdí nìyẹn tí ọmọńdinrín fi bọ́. Bí a bá sì ká ọrùn ọwọ́, ọ̀nà náà á túbọ̀ fún. Lójú oorun, ọ̀pọ̀ wa ló ń ká a sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òru ni àìsàn yìí ń jí.

Kí ẹnikẹ́ni má fi àwọn ará abúlé ṣẹ̀sín pé wọ́n pè é ní làkúrègbé. Ní 1880, James Putnam, dókítà kan ní Boston, kọ̀wé nípa aláìsàn 37, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ọwọ́ wọn ń kú lóru. Kò mọ ibi tí iṣan ti há. Ní 1913, Pierre Marie àti Charles Foix ní Paris yẹ òkú arúgbó ẹni 80 ọdún kan wò, wọ́n sì rí i pé iṣan náà ti wú lókè awọ líle yẹn, ó ti tínrín lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọrùn àti egungun ìhà tó wà nítòsí rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń dá lẹ́bi. Láti 1950 ni ìwé tí George Phalen ń kọ ní Cleveland Clinic, ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í la gbogbo ènìyàn lójú. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó: ẹ ká ọrùn ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọwọ́, kí ìka dorí kodò, kí ẹ mú un dúró fún ìṣẹ́jú kan. Bí àwọn ìka tí mo dárúkọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ òun ni.

Bó bá jẹ́ ọmọńdinrín ló ń kú ńkọ́? Ìka kò dọ́gba, òwe wa ti wí bẹ́ẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ó lè jẹ́ pé ìgúnpá ni ulnar ti há. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀, nítorí iṣan yìí, nítòsí ìgúnpá, wà lára àwọn tí ẹ̀tẹ̀ ń bá jà jù. Ẹni tí ọmọńdinrín rẹ̀ kú, tó sì ní àbàwọ́n tó pọ́n tàbí tó funfun díẹ̀ lára, tí kò mọ nǹkan níbẹ̀, kí ó tètè lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀tẹ̀ jákèjádò ayé láti 1995. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kú kí ọwọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ lọ yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Bí apá kan bá ṣàdédé kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan náà, tí ẹnu wọ́, ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn gan-an ni.

Phalen kò gbà pé iṣẹ́ ló ń fa àìsàn ọrùn ọwọ́ yìí. Ní tòótọ́, ọjọ́ orí, oyún, ìtọ̀ ṣúgà àti ara sísanra lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé iṣẹ́ tó gba agbára ọwọ́ lemọ́lemọ́, àti ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni bí ayùn agégẹdú, lọ́wọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará ìlú máa ń rò pé àìsàn àwọn tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ̀rí ìyẹn kò lágbára tó ti àwọn tó ń fi agbára di nǹkan mú. Ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀gẹ́. Láti 1967 ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, nílẹ̀ Akínyẹlé n'Íbàdàn, irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n mú jáde sì sọ ìkórè di púpọ̀. Ẹ̀rọ ń rin ín, jáàkì ń fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin ló ṣì ń bẹ ẹ́: ọwọ́ òsì ń yí i, ọwọ́ ọ̀tún fún ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni agbada, tí wọ́n ń fi àfọ́ igbá tẹ gàrí mọ́, tí ọrùn ọwọ́ ń ká, tó ń nà. Bí wọ́n bá wé aṣọ mọ́ èèkù ọ̀bẹ kí ó nípọn, tí àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ àti àwọn tó ń sẹ́ ẹ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ọrùn ọwọ́ kan kò ní dá ẹrù náà gbé.

Oògùn tó rọrùn jù ni kí ọrùn ọwọ́ wà ní títọ́ lóru. Wọ́n ń ta ohun tí a fi ń gbé e dúró ní ilé oògùn ńláńlá n'Íbàdàn. Ẹni tí kò rà á lè wá pẹlẹbẹ igi tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, tó gùn láti àárín àtẹ́lẹwọ́ dé ìdajì apá, kí ó fi aṣọ rírọ̀ wé e, kí ó gbé e sí iwájú apá, kí ó dè é. Ìka gbọ́dọ̀ lè ká fàlàlà. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ni dídè: wọ́n á fún un pinpin, wọ́n á tún há iṣan náà mọ́. Ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ ìdè náà. Kí ó ṣe é ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ steroid tí dókítà ń gún sí ọrùn ọwọ́ máa ń yára ju èyí lọ. Ìwádìí kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé The Lancet gbé jáde ní 2018, fi í wé ìdè òru: ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà abẹ́rẹ́ ló borí, ní oṣù mẹ́fà kò sí ìyàtọ̀ tó hàn láàárín wọn. Ẹ má gbà kí alákẹ́míìsì gún un fún yín. Gbẹ́rẹ́ tí àwọn kan ń sín sí i kì í dé ọ̀dọ̀ iṣan náà. Bó bá dé ibẹ̀, ó ti bà á jẹ́. Oògùn ara ríro kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ti aboyún sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìbí.

Gbogbo èyí jẹ́ ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kú tó tún ń jí. Ẹni tí tirẹ̀ kò jí mọ́ tọ̀sán tòru, tí nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹran tó wà nídìí àtàǹpàkò ti ń jó, kí ó má jókòó ti pẹlẹbẹ igi. Ẹran yẹn lè má padà bọ̀ sípò mọ́ bó bá pẹ́. UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1957, ní àwọn dókítà tó lè yẹ iṣan náà wò. Awọ líle tó gbá ọ̀nà tóóró náà mọ́ ni wọ́n ń là. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni, wọn kì í sábà kun ènìyàn lóorun fún un, ọ̀pọ̀ sì máa ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà.