Betreuung

Betreuung ni ètò òfin tí ilé-ẹjọ́ ní orílẹ̀-èdè Jámánì fi ń yan alámòójútó fún ẹni tí ó ti pé ọdún 18, tí àìsàn tàbí àbùkù ara kò jẹ́ kí ó lè bójú tó ọ̀ràn ara rẹ̀. Àwọn arúgbó tí àrùn ìgbàgbé tàbí àìsàn ọpọlọ mìíràn ń bá jà pọ̀ láàárín àwọn tí ó kàn.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1992 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀. Entmündigung ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀: bí adájọ́ bá ti kéde pé orí ẹnì kan kò pé mọ́, òfin á kà á sí bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7. Kò lè ra ilẹ̀, kò lè gbéyàwó, kò sì lè dìbò. (Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú Mund, èyí tí í ṣe ẹnu, ni orúkọ yìí ti jáde, ọ̀rọ̀ àtijọ́ munt, tí ó túmọ̀ sí ààbò, ni orísun rẹ̀.)

Lábẹ́ Betreuung, ẹ̀tọ́ ẹni náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kìkì ibi tí ó ti nílò ìrànlọ́wọ́ ni adájọ́ ń fi lé alámòójútó lọ́wọ́, bí i owó, ìlera tàbí ibùgbé. Alámòójútó kò gbọdọ̀ tú lẹ́tà rẹ̀ àyàfi bí ilé-ẹjọ́ bá dárúkọ ìyẹn ní pàtó. Adájọ́ gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí ẹni náà kí ó tó pàṣẹ, kò sì lè yan alámòójútó fún ẹni tí ó ṣì lè dá ìpinnu ṣe, tí ó sì kọ̀. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, wọ́n gbọ́dọ̀ tún àṣẹ náà gbé yẹ̀ wò kí ọdún 7 tó pé. Bí ẹni náà bá ń ná owó rẹ̀ dé ibi ewu ńlá, ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí alámòójútó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò dé orí ìgbéyàwó àti ìwé ìhágún.

Ohun tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ìdílé lẹ́nu ni pé ọmọ kò ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé fún òbí rẹ̀ kìkì nítorí pé ó jẹ́ ọmọ. Ọkọ tàbí aya pàápàá kò ní in tẹ́lẹ̀; ọdún 2023 ni òfin tó fún wọn ní oṣù 6, lórí ọ̀ràn ìlera nìkan. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń kọ Vorsorgevollmacht, ìwé àṣẹ tí ènìyàn ń fún ẹni tí ó fọkàn tán nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì jí pépé.

Títi ènìyàn mọ́ ilé ìtọ́jú tàbí dídè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì ń fẹ́ àṣẹ adájọ́, bí alámòójútó tilẹ̀ gbà á. Àtúnṣe ọdún 2023 tún sọ pé ìfẹ́ ẹni náà ni alámòójútó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé, kì í ṣe ohun tí òun rò pé ó dára fún un, àyàfi bí ewu ńlá bá wà tí àìsàn kò jẹ́ kí ẹni náà rí i.

Ẹ̀tọ́ ìdìbò ni ó pẹ́ jù kí ó tó padà. Ẹni tí ó bá ní alámòójútó lórí gbogbo ọ̀ràn rẹ̀ kò lè dìbò títí di ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, nígbà tí ilé-ẹjọ́ òfin-ìpìlẹ̀ ní Karlsruhe dájọ́ pé ìdènà náà lòdì sí òfin-ìpìlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n láǹfààní láti dìbò sí ilé aṣòfin Yúróòpù.