Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Ìbàràpá, ìtàn ìlú kọ̀ọ̀kan ni a sábà máa ń sọ: Ìgbò-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Igangan. A kì í sábà sọ ìtàn ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀. Èrò wa ni pé ìtàn ọ̀nà náà ṣe pàtàkì bí ìtàn ìlú.

Kí ọkọ̀ tó dé, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn. Ẹni tí ó bá ti Abẹ́òkúta ń lọ sí Ìsẹ́yìn lè gba Ìbàràpá kọjá, láàárín ọ̀dàn àti àwọn òkè olókùúta ńláńlá. Àwọn oníṣòwò ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́, aláàárù ń ru ẹrù, oníbodè sì ń gba owó lẹ́nu odi. Àwọn òkè tí a ń wò lónìí fún ẹwà wọn, ibi ìsádi ni wọ́n jẹ́ nígbà ogun.

T. J. Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Àgbádárìgì ní 1850. Láti Abẹ́òkúta ni ó ti rìn dé Bí-Ọlọ́run-Pẹ̀lú, ìlú orí òkè ní agbègbè yìí. Ó sì dé Ìsẹ́yìn àti Ìjàyè. Ní 1858 ni a tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde. Ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ní àyè láti gbọ́ èdè lẹ́nu àwọn tí ó ni ín.

Ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862, sọ ìrìn-àjò di ewu. Nígbà tí rélùwéè Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta ni ó gbà. Ó fi Ìbàràpá sílẹ̀ lápá kan. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dí.

Ní oṣù kẹfà 2021, àwọn agbébọn kọlu Igangan lóru, wọ́n sì pa ènìyàn púpọ̀. Ta ni yóò wá rán ọmọ sí ojú ọ̀nà inú igbó láti lọ kọ́ ìtàn? Síbẹ̀, bí ọ̀nà bá dí tí àwọn tí ó rìn ín sì kú, orúkọ odò, àpáta àti ibi ìsinmi yóò bá wọn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè: níbo ni ẹ ti ń sinmi? Odò wo ni ẹ ń mu? Kí ni ẹ ń pe ibẹ̀? Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Iṣẹ́ yìí kò gba kí ẹnikẹ́ni wọ igbó.