Sabon Gari, Kano, àti Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ fún Àwọn Tó Sanra Jù

Ní ọdún 1911 ni ojú irin Baro dé Kano. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1912, ẹni tó bá wọ reluwé ní Èkó lè sọ̀ kalẹ̀ ní Kano. Lóòótọ́, àwọn Yorùbá ti wà ní ìlú náà kí reluwé tó dé. Àdúgbò Ayagi tó wà nínú odi ìlú àtijọ́ jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí reluwé kó dé jẹ́ irú ènìyàn mìíràn: akọ̀wé, káfíńtà, òṣìṣẹ́ reluwé àti oníṣòwò. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí wọ́n máa gbé inú odi, nítorí náà ní nǹkan bí ọdún 1913 wọ́n pín ilẹ̀ fún wọn lẹ́yìn odi. Sabon Gari ni wọ́n ń pe ibẹ̀, èyí tí í ṣe ‘ìlú tuntun’ ní èdè Hausa. Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn Ígbò tó wá pọ̀ jù wọ́n lọ.

Iṣẹ́ tí àwọn ará ìgbà náà ń ṣe kì í jẹ́ kí ọ̀rá ráyè jókòó sí wọn lára. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi rìn lọ sí ibi iṣẹ́. Àwọn alágbàṣe ń fi orí ru àpò ẹ̀pà gun àwọn òkìtì gàgàrà tó sọ Kano di olókìkí káàkiri ayé. Lónìí, ọmọ-ọmọ wọn ń jókòó sí ìsọ̀ ní ọjà Sabon Gari láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ará Kano ń pè ní Adaidaita Sahu ló ń gbé e lọ, òun náà ló sì ń gbé e bọ̀. Kò tilẹ̀ ní láti dìde kí ó tó jẹun, nítorí àwọn olóúnjẹ ń gbé tuwo, àmàlà àti èbà wá bá a níbi tó jókòó sí, àwọn ọmọdé sì ń kiri ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ṣúgà kún inú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, Sabon Gari kan náà ni a ti ń mu bíà ní gbangba, ní ìlú tí òfin Ṣàríà ti fìdí múlẹ̀ láti ọdún 2000.

Yorùbá kì í ka ara sísan sí àrùn. Bí ènìyàn bá tóbi, wọn á ní ara rẹ̀ ń dán, wọn á ní owó ń bẹ lára rẹ̀. Èrò àwọn Hausa tí wọ́n jọ ń gbé kò jìnnà sí èyí. Ẹni tó bá rù ni a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló ṣe é. Láti ìgbà tí àrùn éèdì sì ti dé, rírù ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ tó sanra jù kì í fi lọ rí dókítà títí orúnkún yóò fi kọ̀ tí kò ní gbé wọn mọ́, tàbí títí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru yóò fi fojú hàn.

Àwọn oníṣègùn ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn ọ̀rọ̀ yìí. Wọn á mú iye kìlógíráàmù tí ènìyàn wúwo tó, wọn á pín in pẹ̀lú gíga rẹ̀ ní mítà, wọn á tún fi gíga náà pín in lẹ́ẹ̀kejì. Bí èsì bá di 30, ènìyàn ti sanra jù. Bí ó bá di 40, ọ̀rọ̀ ti kọjá eré. Ẹni tó ga ní mítà 1.70 tó sì wúwo tó kìlógíráàmù 116 ti dé 40. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nínú oúnjẹ àti ìrìn rírìn dára, ṣùgbọ́n ìrírí ti fi hàn pé díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń mú kúrò, àti pé ara máa ń jà láti gba ohun tó sọnù padà. Ibi tí iṣẹ́ abẹ ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Irú iṣẹ́ abẹ wo ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá yàn? A kò lè dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa láìmọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe dé ayé, nítorí pé aburú tí èyí tó ṣáájú ṣe ló bí èyí tó tẹ̀ lé e.

Wàhálà ọ̀rá kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 958, wọ́n yọ Sancho, ọba León ní ilẹ̀ Spéènì, lóyè, wọ́n ní ó sanra débi pé kò lè gun ẹṣin. (Ará Kano tó bá ti wo ayẹyẹ ẹṣin ọdún Iléyá rí yóò mọ ìtìjú tó wà nínú ìyẹn.) Ó lọ sí Córdoba, níbi tí Hasdai ibn Shaprut, oníṣègùn Júù tó wà ní ààfin kálífà àwọn Mùsùlùmí, ti tọ́jú rẹ̀ títí ó fi rù, ó sì gba adé rẹ̀ padà ní 960. A kò fi ọ̀bẹ kan àpòlúkù Sancho. Ó di ọdún 1954 kí Kremen, Linner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà tó gbé ìwé jáde lórí iṣẹ́ abẹ tó ń mú kí oúnjẹ fo èyí tó pọ̀ jù nínú ìfun kékeré. Èrò wọn rọrùn: oúnjẹ tí ìfun kò bá rí, ara kò lè gbà á. Àwọn aláìsàn rù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru kò dá, òkúta di sínú kíndìnrín wọn, ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn bàjẹ́, àwọn kan sì kú. Nígbà tí ọdún 1980 yóò fi dé, àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń pa á tì, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti ṣe é fún ni wọ́n sì ní láti padà sórí tábìlì kí wọ́n lè tún ìfun wọn so bó ti wà tẹ́lẹ̀.

Edward Mason ti Yunifásítì Iowa gba ọ̀nà mìíràn. Ó kíyè sí i pé àwọn tí wọ́n gé lára àpòlúkù wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í sábà sanra mọ́ lẹ́yìn náà. Ní 1966, òun àti Chikao Ito pín àpòlúkù aláìsàn kan sí méjì: wọ́n ṣẹ́ apá òkè ku kékeré, wọ́n sì so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè gba ọ̀nà àbùjá kọjá àpòlúkù tó kù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Ọ̀nà àbùjá yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń tọ̀ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe. Omi òróòro ń padà sínú àpòlúkù kékeré náà, nítorí náà ní 1977 Ward Griffen ní Kentucky yí bí wọ́n ṣe ń so ìfun náà padà, ó mú un bí ẹ̀ka igi oníméjì, gẹ́gẹ́ bí César Roux ará Switzerland ti ṣe é nínú iṣẹ́ abẹ mìíràn ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nicola Scopinaro ní Genoa, ní ilẹ̀ Ítálì, padà sórí ọ̀rọ̀ ìfun ní 1976. Tirẹ̀ ń mú ọ̀rá lọ ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n àìtó èròjà oúnjẹ nínú ara lè tẹ̀ lé e, ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é kò fi pọ̀.

Ìgbànú ló tún dé. Ní 1986, Lubomyr Kuzmak ní New Jersey kọ̀wé nípa ìgbànú rọ́bà tí a lè fún tàbí kí a tú, tí a ń so mọ́ òkè àpòlúkù. Ọmọ Ethiopia kan, Mitiku Belachew, tó da ẹran ní kékeré kí ó tó di oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló kọ́kọ́ ti ojú ihò kéékèèké fi irú ìgbànú yìí sí ikùn aláìsàn ní 1993, láìla ikùn gbàgà. Wọn kò gé àpòlúkù, bí ó bá sì di dandan, wọ́n lè yọ ọ́. Ta ni kò ní fẹ́ irú èyí? Fún ọdún bíi mélòó kan, òun ni ọ̀pọ̀ ń béèrè ní Yúróòpù, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2001, ó gba òde kan. Ṣùgbọ́n ìgbànú ń yọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, nígbà mìíràn ó ń jẹ wọnú àpòlúkù, ọ̀rá tó sì ń mú lọ kò tó ti àwọn yòókù. Lékè gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń so lẹ́ẹ̀kan kí a sì gbàgbé. Aláìsàn gbọ́dọ̀ máa padà sọ́dọ̀ dókítà léraléra kí wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ bu omi sí i tàbí fà á jáde. Ẹni tó ń gbé Sabon Gari, tí oníṣẹ́ abẹ rẹ̀ wà ní ibi tó lé ní 1,000 kìlómítà sí i, yóò ti mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn oníṣègùn káàkiri ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìgbànú tì báyìí.

Èyí tó gba ipò rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ abẹ àdádúró ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ ńlá tó jọ ti Scopinaro. Nígbà tí ọdún 2000 ń wọlé, Michel Gagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York rí i pé iṣẹ́ náà le jù fún àwọn tó wúwo jù lọ, nítorí náà wọ́n pín in sí ìpele méjì: wọ́n kọ́kọ́ gé àpòlúkù, wọ́n ní kí aláìsàn lọ rù díẹ̀ kí ó tó padà wá fún ti ìfun. Àwọn kan rù débi pé ìpele kejì kò pọn dandan fún wọn mọ́. Báyìí ni iṣẹ́ abẹ ‘apá ẹ̀wù’ ṣe dá dúró. Wọ́n ń gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù dànù, èyí tó kù á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí apá ẹ̀wù. Wọn kì í fọwọ́ kan ìfun. Òun ni a ń ṣe jù lọ ní ayé lónìí.

Ọ̀rọ̀ ti wá ku àárín àbùjá àti apá ẹ̀wù. Ní 2018, àwọn oníwádìí ní Switzerland àti Finland gbé àbájáde ọdún márùn-ún jáde. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ní ti ọ̀rá tó lọ kò tó nǹkan. Ìyàtọ̀ wà níbòmíràn. Apá ẹ̀wù lè mú kí omi kíkan inú àpòlúkù máa ru sókè sí ọ̀nà ọ̀fun, nígbà tí àbùjá sábà máa ń wo irú àìsàn yẹn sàn. Ní ti àtọ̀gbẹ, Walter Pories ti North Carolina ti ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ní 1995 nígbà tó fi hàn pé ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ tó ṣe àbùjá ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn padà sí déédéé, àwọn mìíràn láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tilẹ̀ tó rù. Apá ẹ̀wù náà ń ran alátọ̀gbẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àbùjá ni ọ̀pọ̀ dókítà ń gbé lékè fún ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ ti pẹ́.

Ká mú un pé obìnrin oníṣòwò aṣọ kan ní ọjà Sabon Gari fẹ́ yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí ó bá ní àtọ̀gbẹ, tí omi kíkan sì ń dà á láàmú lóru, àbùjá ló dà bíi pé ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe àbùjá yóò máa lo oògùn fítámì, áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ̀mù títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ó bá pa wọ́n tì, ẹ̀jẹ̀ á dín lára rẹ̀, eegun rẹ̀ á rọ, iṣan ara rẹ̀ sì lè kú. Àwọn oògùn ara ríro tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà oògùn láìbéèrè lè dá ọgbẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n rán. Ṣúgà púpọ̀ lè mú kí òógùn bò ó, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, kí òòyì sì máa kọ́ ọ. Bíà tí kì í pa á tẹ́lẹ̀ yóò tètè pa á, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe kékeré ní Sabon Gari. Ẹni tó ṣe apá ẹ̀wù náà kò bọ́ lọ́wọ́ fítámì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìtó èròjà kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpòlúkù tí a ti gé dànù kò ṣeé dá padà. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, kó máa rántí pé àpòlúkù kékeré kò lè gba omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ìṣínu àti sààrì, nítorí náà kí ó gba ìmọ̀ràn dókítà kí ó tó gbààwẹ̀. Bí ó bá ṣì fẹ́ bímọ, àwọn oníṣègùn á ní kí ó dúró fún ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ kí ó tó lóyún.

Àṣìṣe ńlá kan wà tó yẹ kí a mú kúrò. Nígbà tí Ìyáàfin Stella Obasanjo, aya Ààrẹ Nàìjíríà ìgbà náà, kú ní Spéènì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2005 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí di òní ni wọ́n sì ń ka gbogbo rẹ̀ sí ohun kan náà. Fífa ọ̀rá jáde lábẹ́ awọ kì í ṣe ìwòsàn fún sísanrajù. Ó ń tún ìrísí ara ṣe ni, kò sì kan àpòlúkù rárá. Ní oṣù kẹta ọdún 2005 kan náà ni Maradona, agbábọ́ọ̀lù Argentina, ṣe àbùjá ní Cartagena ní Colombia, ó sì rù gan-an. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ kò mú ìwà kúrò lára ènìyàn: ọtí àti àìsàn mìíràn ń dà á láàmú títí ó fi kú ní 2020.

Ní ọwọ́ àwọn tó mọṣẹ́, àwọn tó ń kú láàárín oṣù kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí kò tó ẹyọ kan nínú 100. Ní 2007, àwọn ará Sweden tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé àwọn tó ṣe é láti 1987 fi hàn pé ikú wọn dín sí ti àwọn tí wọn kò ṣe é. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí ní Amẹ́ríkà àti ti gbogbo àgbáyé mú òdiwọ̀n ọdún 1991 wálẹ̀: ẹni tó bá ti dé 35 lè ṣe é bí kò tilẹ̀ ní àìsàn mìíràn, wọ́n sì lè rò ó wò fún alátọ̀gbẹ tó dé 30. Àwọn abẹ́rẹ́ tuntun bíi semaglutide náà ti dé, àwọn kan sì ń lò wọ́n dípò ọ̀bẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n bá dá a dúró, ọ̀rá sábà máa ń padà.

Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni ní Èkó àti Abuja ń ṣe iṣẹ́ abẹ wọ̀nyí. Àwọn tó lówó ń lọ sí Íjíbítì, Tọ́kì tàbí Íńdíà. Àpò ara ẹni ni owó rẹ̀ ti sábà ń jáde. Bí obìnrin oníṣòwò aṣọ yẹn bá sì yan Èkó, ọ̀nà tí bàbá-bàbá rẹ̀ gbà wá sí Kano ni yóò gbà padà, ọkọ̀ òfurufú ni tirẹ̀ yóò jẹ́. Yóò sùn sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, omi nìkan ni yóò máa mu ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀, kí ó tó padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, oṣù bíi mélòó kan síra ní ọdún àkọ́kọ́, àti lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí ó tó sanwó fún ẹni tí yóò gé e ní Èkó, ó yẹ kí ó ti mọ dókítà tí yóò máa ṣe ìyẹn fún un ní Kano.