Akọni Ojú Dídán, Ọ̀daràn Alábùkù: Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Inú Ìwé Aláwòrán

Ní ọdún 1968, ìwé aláwòrán kan tó ń jẹ́ African Film gba ìgboro kan. Ilé iṣẹ́ Drum ló ń tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò ni wọ́n fi ń sọ ìtàn inú rẹ̀, kì í ṣe àwòrán tí a fọwọ́ yà. Akọni rẹ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Lance Spearman, tí àwọn òǹkàwé ń pè ní The Spear. Yóò dé fìlà, yóò mu sìgá ńlá, yóò sì wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó iyebíye lé ọ̀daràn. Jore Mkwanazi, ọmọ South Africa, ló ń ṣe ipa náà. Láti Èkó dé Nairobi, ṣe ni àwọn ọ̀dọ́ ń yá ìwé náà kà lọ́wọ́ ara wọn.

Ara Spear dá ṣáṣá, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ẹ̀gbẹ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni àbùkù wà: Rabon Zollo, tó lókìkí jù nínú wọn, fi ìbòjú dí ojú kan. Àṣà yìí ti pẹ́ nínú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ní ọdún 1931 ni Chester Gould bẹ̀rẹ̀ ìtàn Dick Tracy ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀daràn tí ojú wọn bàjẹ́ kún inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Pruneface, hunjọ lójú bí èso gbígbẹ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ọmọdé kò ṣòro: ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti bàjẹ́, ìwà rẹ̀ náà ti bàjẹ́.

Ẹ̀kọ́ yẹn léwu nílẹ̀ yìí. Ọdún 1970 ni ilẹ̀ gbígbóná, àrùn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ, tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà tí Spear ń tà wàràwàrà, àpá àrùn náà ṣì wà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn adẹ́tẹ̀ pẹ̀lú ṣì ń gbé ní ibùdó tiwọn. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó lè rí ojú ara rẹ̀ lára akọni inú ìwé náà.

Ní èdè Yorùbá, Atọ́ka ti jáde láti ọdún 1967, Ṣẹ́gun Ṣófowótẹ̀ sì ni olóòtú rẹ̀. Eré àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò ló ń sọ di ìtàn oní-fọ́tò. Láàrin àwọn eléré ìgbà náà ni Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo wà, ẹni tí a bí ní 1926 tó sì kú ní 2000. Arọ ni. Kò fi í pamọ́. Ìtàn ayé ara rẹ̀ ló fi ṣe Orogún Adédigba. Nínú Kóòtù Aṣípa lórí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, òun ló jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti ya irọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òótọ́. Ọgbọ́n rẹ̀ ni àwọn òǹwòran ń dúró dè, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ojú tí wọ́n fi wò ó yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe abuké, arọ àti àfín, Ọbàtálá ló ni wọ́n. Ní Èsìẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wà, èyí tí ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ní 1933. Nítorí wọn ni wọ́n ṣe dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945. Orí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gé, ara àwọn mìíràn ti fọ́. Síbẹ̀, àwọn ará ìlú kò sọ wọ́n nù. Wọ́n ń bọ wọ́n, wọ́n sì ń ṣọdún wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwé aláwòrán tuntun lónìí. Bí wọ́n bá ń wá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí wọ́n má ṣe fi àpá àrùn sàmì sí ọ̀daràn nìkan. Ìwà lẹwà, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́.